Ìtàn Ìgbésí Ayé Bàbá Ẹ̀yìn Ìkélé, àti Ọ̀rọ̀ Àmì Ohùn Kan Ṣoṣo

A bí Bàbá wa ní ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹta, ọdún 1941, nínú ilé onípákó kan tó fẹ̀yìn ti ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìlú yìí. Káfíńtà ni bàbá wọn. Òun ló kan ìtàgé tó wà nínú gbọ̀ngàn ńlá, òun náà ló kan èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn àga ibẹ̀, àwọn tí kì í dún bí ènìyàn bá jókòó lé wọn. Alágbàfọ̀ ni ìyá wọn, aṣọ àwọn olùkọ́ ni ìyá náà ń fọ̀ tó sì ń lọ̀. Ọmọ kẹta ni Bàbá nínú ọmọ mẹ́rin. Àbúrò wọn obìnrin tó jókòó síwájú pẹ̀lú ọ̀pá ìtilẹ̀ lónìí nìkan ló ṣì wà láyé nínú wọn.

Ẹbí olóògbé kí gbogbo yín kú àbọ̀. Kí á tó lọ jìnnà, ẹ jọ̀ọ́, ẹbí fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ibì kan wà nínú ìtàn yìí tó le láti kọ. Láti ọdún mọ́kàndínlógún ni orúkọ Bàbá ti bàjẹ́ ní ìdí àjọ̀dún eré ìgbà ooru, lórí ohun tí kì í ṣe ẹ̀bi wọn. A fẹ́ kí ó mọ́ lónìí, kí á tó bò wọ́n mọ́lẹ̀. A ó dé ibẹ̀. Ẹni tí a ní kó kọ ìwé yìí kò kàwé púpọ̀, àyà rẹ̀ sì ń já, nítorí àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn wà láàrin yín. Ẹ jẹ́ kó máa bọ̀ díẹ̀díẹ̀.

Bàbá wọ ilé-ìwé ní ọdún 1947. Ìwé mẹ́fà péré ni wọ́n kà, nítorí ìgbà tí ó yẹ kí wọ́n tẹ̀síwájú ni bàbá wọn jábọ́ lórí àkàbà. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1957, wọ́n wọ kíláàsì ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n ti ń kọ́ ènìyàn ní táípù. Oṣù mẹ́jọ ni wọ́n fi kọ́ ọ. Àbúrò wọn sọ fún wa pé nígbà náà, orí tábìlì oúnjẹ ni Bàbá máa ń fi ìka tẹ lẹ́tà sí, tí ìyá wọn á máa pariwo pé, “Jẹun! Tábìlì kò ní dá ọ lóhùn!”

Ní ọdún 1958, ilé-ẹ̀kọ́ gíga gbà wọ́n síṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí atẹ̀wé. Yàrá kejì ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ọ́fíìsì wọn, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ẹnu ọ̀nà ńlá. Ẹ̀rọ táípù dúdú kan ni wọ́n bá níbẹ̀. Ẹ̀rọ náà kò ní àmì ohùn, kò sì ní àmì abẹ́ lẹ́tà. Àwọn tó ti wà níbẹ̀ ṣáájú máa ń tẹ Yorùbá bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n á ní kí òǹkàwé fi orí ara rẹ̀ wá ìtumọ̀. Bàbá kò lè fara mọ́ ọn. Wọ́n ra bírò pupa. Bí wọ́n bá ti tẹ ojú ìwé kan tán, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á tẹ́ ẹ, wọ́n á wá máa fi bírò pupa náà fi àmì sí i, ọ̀rọ̀ kan tẹ̀ lé òmíràn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìwé wọn dà bí ẹni tí ẹ̀fọn jẹ.

Bírò pupa yẹn náà ló fẹ́ ìyàwó fún wọn. Ní ọdún 1963, ọmọbìnrin kan wá kí wọ́n bá òun tẹ lẹ́tà ìbéèrè fún iṣẹ́ ní ilé ìfọṣọ. Nígbà tó gba lẹ́tà náà, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ta ló ní kí ẹ da nǹkan pupa sí mi lórí ìwé báyìí?” Bàbá ní, “Orúkọ rẹ ni mo tún ṣe. Bí o ṣe kọ ọ́, ìtumọ̀ rẹ̀ kò dára.” Ọmọbìnrin náà ní òun ti ń jẹ́ ẹ fún ọdún mọ́kànlélógún, kò sì ṣe òun ní nǹkan kan. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní oṣù kejìlá ọdún yẹn. Ìyá wa nìyẹn. Màmá ní títí dòní, òun kò mọ̀ bóyá lẹ́tà yẹn ni wọ́n tìtorí rẹ̀ gba òun síṣẹ́ tàbí wọ́n kàn ṣàánú òun ni.

Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́ta ta wọ́n lọ́rẹ: ọkùnrin ní ọdún 1965, obìnrin ní ọdún 1971, obìnrin ní ọdún 1976.

Ní ọdún 1974 ni wọ́n dá àjọ̀dún eré ìgbà ooru sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ìlú yìí mọ bó ṣe máa ń rí bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá ti lọ ọlidé: àwọn ilé ìtajà á máa yán, ajá á sùn sí àárín títì. Àwọn olùkọ́ eré wá ní kí àwọn máa fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣe eré orí ìtàgé, kí àwọn òṣèré láti ibòmíràn wá máa sùn sí yàrá àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Bàbá ni wọ́n gbé iṣẹ́ títẹ ìwé eré fún. Ìyẹn nìkan ni wọ́n bẹ̀ wọ́n.

Ní ọjọ́ kẹta eré àkọ́kọ́, Bàbá jókòó sẹ́yìn aṣọ ìkélé, wọ́n ń dúró kí wọ́n gba ìwé wọn padà. Obìnrin òṣèré kan ló yẹ kó yá ọkọ́ lọ́wọ́ aládùúgbò rẹ̀, kó fi ro oko. Ọ̀rọ̀ pòórá lórí rẹ̀. Ó dúró, ó ń wo òkè. Bàbá bá sọ ọ́ sí i wúyẹ́wúyẹ́ láti ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ kò ní ohùn òkè, kò ní ti ìsàlẹ̀, èémí lásán ni. Inú obìnrin náà dùn pé òun ti gbọ́, ó bá kígbe pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi lọ́kọ yín, ilẹ̀ ti ń mọ́!” Aládùúgbò rẹ̀ orí ìtàgé dá a lóhùn kíá: “Ẹyọ kan ṣoṣo tí mo ní kò tíì jí.” Wọ́n ní ìṣẹ́jú mẹ́fà gbáko ni ẹ̀rín fi gba gbọ̀ngàn náà.

Láti ọjọ́ yẹn ni Bàbá ti ní ọwọ́ ni àwọn yóò máa fi gbé ohùn. Bí ẹnu wọn bá ń mi ọ̀rọ̀ sí òṣèré, ọwọ́ ọ̀tún wọn á máa bá a lọ: bí ó bá jẹ́ ohùn òkè, ọwọ́ á dé etí, bí ó bá jẹ́ ohùn àárín, ọwọ́ á wà ní àyà, bí ó bá jẹ́ ti ìsàlẹ̀, á sọ̀ kalẹ̀ dé itan. Gbogbo òṣèré tó bá wá ni yóò kọ́kọ́ kọ́ bí a ṣe ń wo ọwọ́ Bàbá. Bí wọ́n ṣe di aránnilétí eré, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Bàbá Ẹ̀yìn Ìkélé, nìyẹn. Òfin kan ni wọ́n ní, a sì bẹ̀ yín kí ẹ fọkàn sí i nítorí ibi tí a ń lọ. Wọ́n ní ohun tó bá wà nínú ìwé ni aránnilétí gbọ́dọ̀ gbé fún òṣèré, kò gbọdọ̀ ro tirẹ̀ mọ́ ọn. Wọ́n máa ń sọ pé, “Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í dá ọgbọ́n sí i, a ti ní òǹkọ̀wé méjì nìyẹn, a kò sì ní aránnilétí mọ́.”

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fi jókòó síbẹ̀. Wọ́n fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ ní ọdún 2001, wọ́n sì gbé ẹ̀rọ táípù náà lọ sílé, ṣùgbọ́n wọn kò fẹ̀yìn tì ní ìdí eré. Àjọ̀dún kọ orúkọ Bàbá sára pákó ọlá tó wà ní àbáwọlé gbọ̀ngàn, ní ipò kẹta láti òkè.

Ẹlẹ́sìn ni Bàbá. Ìjókòó ẹ̀yìn ni wọ́n máa ń jókòó sí ní ilé ìsìn, àmọ́ ẹni tó bá ń ka ẹ̀kọ́ kíkà kò gbọdọ̀ gbójú sókè, torí yóò rí ọwọ́ wọn tó ń lọ tó ń bọ̀. Alàgbà kan bá wọn wí pé, “Bàbá, Ọlọ́run ṣáà gbọ́ ohun tí à ń sọ.” Wọ́n ní, “Ọlọ́run gbọ́. Àwa tó jókòó ńkọ́?” Ní àdúgbò, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń bá opó àti arúgbó kọ lẹ́tà, wọ́n sì jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ àdúgbò fún ọdún méjìlá.

Ó dára. Ọdún 2005 ló kàn. Ẹni tó ń kọ̀wé yìí ti dìde lẹ́ẹ̀mejì lọ mu omi.

Ní oṣù keje ọdún yẹn, wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ sí ojú ọ̀tún Bàbá, kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n lè kàwé, wọ́n lè tẹ̀wé, ṣùgbọ́n wọn kò lè fi àmì kékeré sí ibi tó yẹ kó wà. Eré tí wọ́n fẹ́ fi ṣí àjọ̀dún dá lórí ìyá kan tí ọmọ rẹ̀ mẹ́fà bá ọkọ̀ ojú omi lọ. Ọkọ̀ náà dànù. Atukọ̀ wá bá ìyá náà ní etí omi láti jẹ́ iṣẹ́ fún un. Alága àjọ̀dún, tó jẹ́ olùkọ́ eré, ló kọ ọ́ fúnra rẹ̀. Nínú ìwé àtijọ́, atukọ̀ yóò ní, “Márùn-ún kú.” Àárọ̀ ọjọ́ eré ni alága ní ọ̀rọ̀ yẹn ti le jù, kí wọ́n yí i padà sí, “Ọ̀kan kù.” Kí ìyá náà lè rí ohun dì mú. Ojú ìwé kọkànlélógójì ni. Bàbá tẹ̀ ẹ́ kíá, wọ́n wá pe ọmọ wọn obìnrin àkọ́bí, wọ́n ní kó bá àwọn fi àmì sí i.

Aránṣọ ni ọmọ náà. Àjọ̀dún ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á síṣẹ́ ní yàrá aṣọ lọ́dún yẹn ni. Abẹ́rẹ́ ìránṣọ wà lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀wù atukọ̀ wà ní èjìká rẹ̀, apá kan ẹ̀wù náà kò tíì sí lára rẹ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ sì ni eré. Ó gba bírò pupa. Ó ń fi àmì sí i lórí ìdúró. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n tẹ “Okan ku” sí, kò rò ó. Ọkọ̀ ti dànù, gbogbo ènìyàn ń sunkún, ikú ló wà lọ́kàn rẹ̀. Ó kọjú àmì sí ibi tí kò yẹ. Ó kọ “Ọ̀kan kú.” Ó dá ìwé padà, ó lọ ran apá ẹ̀wù.

Ní ìrọ̀lẹ́, gbọ̀ngàn kún. Òṣèré tó ṣe atukọ̀ jẹ́ ọkùnrin kan tí gbogbo wa ń pè ní Ohùn Àgbá. Ó wọlé, ó ṣí ẹnu, ọ̀rọ̀ tuntun náà kò wá. Ó yí ojú sí ẹ̀gbẹ́. Bàbá wo ìwé. Màmá sọ fún wa lẹ́yìn náà pé Bàbá ní ara fu àwọn, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú ìwé ni. Ọwọ́ wọn sọ̀ kalẹ̀, ó wá sí àyà, ó lọ sókè dé etí. Ohùn Àgbá bá fi gbogbo àyà kígbe pé, “Ọ̀kan kú!”

Obìnrin tó ṣe ìyá ti kọ́ ìwé tuntun dáadáa. Ó wólẹ̀, ó sunkún ọmọ márùn-ún tó kú, ó wá dìde, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ní, “Mo dúpẹ́! Mo dúpẹ́ fún ẹyọ kan náà!”

Ẹnìkan ní láti àárín gbọ̀ngàn, “Ó ń dúpẹ́ kẹ̀?” Òmíràn dá a lóhùn pé, “Ìyá yìí mà ti ní ọmọ yẹn sínú tẹ́lẹ̀.” Ó parí. Ẹ̀rín náà kò tán títí wọ́n fi fa aṣọ ìkélé. Àwọn àlejò pàtàkì tó ti ọ̀nà jíjìn wá dìde kí eré tó parí.

Alága kó gbogbo òṣìṣẹ́ jọ sẹ́yìn ìtàgé. Ojú ìwé kọkànlélógójì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, “Ta ló fi àmì sí èyí?”

Ọmọ náà wà níbẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ti fi í sílẹ̀, ó ní ọmọ méjì nílé, iṣẹ́ náà kò sì tíì pé oṣù méjì lọ́wọ́ rẹ̀.

Bàbá ní, “Èmi ni.”

Alága ní, “Bàbá, ojú yín ti lọ. Ẹ máa lọ sinmi nílé.” Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú, a kò ní parọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n kun ọ̀dà bo orúkọ Bàbá lára pákó. Láti ìgbà náà, bí ọ̀rọ̀ bá ti kan àṣìṣe ní gbọ̀ngàn yẹn, wọ́n á ní, “Má ṣe é bíi ti Bàbá Ẹ̀yìn Ìkélé o.” Àwọn tí a kò tíì bí dáadáa nígbà náà ń sọ ọ́. Ọmọ wọn wà ní yàrá aṣọ, ó ń gbọ́, ó ń fi òwú sójú abẹ́rẹ́.

Bàbá kò wọ gbọ̀ngàn náà mọ́. Gbọ̀ngàn kò jìnnà sí ilé wọn, títì kan ló là wọ́n láàrin. Ní gbogbo ìgbà ooru, wọ́n á gbé àga sójú fèrèsé, wọ́n á máa gbọ́ àtẹ́wọ́. Wọ́n á ní, “Wọ́n ti parí ìran kejì. Ó pẹ́ jù.” Bí ọmọ wọn bá gba abẹ́ fèrèsé kọjá pẹ̀lú ẹrù aṣọ, ohun tí wọ́n máa ń bi í kò ju, “Ṣé aṣọ pé?” lọ. Wọn kò fi ojú bá a wí rí. Wọ́n sì mọ̀ pé kò sí ẹlòmíràn tó fọwọ́ kan àmì náà lẹ́yìn rẹ̀. Ọwọ́ òsì ni ọmọ náà fi ń kọ̀wé, àmì rẹ̀ kì í jọ ti ẹlòmíràn. Ẹni tó ti ń fi àmì sí ìwé láti ọdún 1958 kò lè ṣàì dá a mọ̀.

Àìsàn dá Bàbá dùbúlẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún yìí. Ní ilé ìwòsàn, ọmọ náà jókòó tì wọ́n ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó ní, “Bàbá, ọ̀rọ̀ ọdún yẹn...” Bàbá ní, “Ṣé o ti jẹun?” Ó ní òun ti jẹun. Wọ́n ní, “Kí lo jẹ?” Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe parí nìyẹn. Wọ́n jáde láyé ní ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹfà, ọdún 2024, lẹ́ni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin.

Nígbà tí ẹbí jókòó lórí ìwé yìí, àkọ́bí wọn ọkùnrin ní kí á fò ó. Ó ní, “Ṣé o fẹ́ kí wọ́n lé ìwọ náà ni? Àjọ̀dún bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Kọ ọ́ pé Bàbá ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ó tán.” Àbíkẹ́yìn sọ lórí fóònù pé kó kọ ọ́, kó má kàn jẹ́ kó gùn. Màmá wá ní, “Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi bá ‘Èmi ni’ yẹn sùn lórí ibùsùn kan náà. Ẹ bá mi gbé e kúrò lọ́rùn ọkọ mi. Kọ ọ́.”

Nítorí náà, ẹbí ń sọ ọ́ fún gbogbo yín, títí kan alága, tí a rí pé ó bọ̀wọ̀ fún wa tó sì wá: kì í ṣe Bàbá ló fi àmì sí ojú ìwé kọkànlélógójì. Ọmọ wọn obìnrin àkọ́bí ni, ẹni náà ló ń kọ ìwé yìí. Ojú Bàbá kò tíì lọ lọ́jọ́ náà. Ọwọ́ wọn kò ṣìnà. Ohun tó wà nínú ìwé ni wọ́n gbé.

Ẹni tó kọ ọ́ ti yẹ gbogbo “kú” àti gbogbo “kù” inú ìwé yìí wò ní ìgbà mẹ́rin lọ́dọ̀ àwọn tó bá wa tẹ̀ ẹ́. Ọmọkùnrin ibẹ̀ sọ fún un pé, “Màmá, kò sẹ́ni tó máa wò ó.” Ó ní kó ṣáà jẹ́ kí òun tún un wò.

Bàbá fi ìyàwó wọn sáyé, wọ́n fi àbúrò wọn obìnrin sáyé. Wọ́n fi ọmọ mẹ́ta sáyé: ọkùnrin kan, awakọ̀ bọ́ọ̀sì ilé-ẹ̀kọ́, obìnrin kan, aránṣọ, àti obìnrin kan, nọ́ọ̀sì ní òkè òkun. Wọ́n fi ọmọ-ọmọ méje sáyé, àti ọmọ ọmọ-ọmọ kan tí kò tíì pé ọdún kan, tó ń sunkún lẹ́yìn lọ́hùn-ún.

Ẹbí kò bèèrè ohun púpọ̀ lọ́wọ́ àjọ̀dún. Kí wọ́n ha ọ̀dà yẹn kúrò. Bí ó bá di dandan pé kí wọ́n kun orúkọ kan, wọ́n ti mọ èyí tí ó yẹ. Ọwọ́ ni a fi kọ èyí kún un: ní aago méje àárọ̀ òní, kí á tó gbé Bàbá jáde kúrò nílé, ọmọ wọn aránṣọ ti mú ẹ̀dà ìwé yìí kan nínú àpò ìwé lọ sí ọ́fíìsì àjọ̀dún. Ó fi kọ́kọ́rọ́ yàrá aṣọ sínú àpò ìwé kan náà, ó sì fi ránṣẹ́ sí alága. Aṣọ gbogbo òṣèré ti wà lórí ìkọ́, ó lẹ orúkọ mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ẹni tó bá máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ má baà ṣì í mú. Títí tí a fi wọlé jókòó síbí, a kò tíì gbọ́ èsì.

Bàbá wa, ọkọ Màmá, ẹrù náà ti kúrò lọ́rùn yín. Ọ̀dọ̀ wa ló wà báyìí. Ẹ má wẹ̀yìn mọ́. Kí ilẹ̀ fúyẹ́ lára yín, kí Ọlọ́run gbà yín tọwọ́tẹsẹ̀. Ẹ fọwọ́ rọrí, ẹ sun oorun ire.